Fíìmù wo, oògùn wo? Bí ẹ ṣe máa rí hóró tó dára nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun

Ẹni tó bá ń wá fọ́tò dúdú-àti-funfun tí hóró rẹ̀ (àwọn èérún kéékèèké tí à ń rí lójú fọ́tò, “grain”) hàn ketekete sábà máa ń gba ọ̀nà kan náà: á ra fíìmù tí ISO rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, ga jù lọ, á gbé e jáde lálẹ́, á ya ohunkóhun tó bá rí. Tó bá wá fọ fíìmù ọ̀hún tán, òkùnkùn biribiri tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló máa bá, pẹ̀lú àwọ̀ eérú wúruwùru lápá kan. Hóró wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ríbi jókòó sí.

ISO ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ẹ fi fọ fíìmù, àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fún un, ló ń pinnu bóyá hóró náà á ṣeé wò. Fíìmù 400 tó rí ìmọ́lẹ̀ jẹ yó, tí a wá fọ̀ nínú oògùn tó ń jẹ́ Rodinal, sàn lójú mi ju fíìmù 3200 tí ebi ìmọ́lẹ̀ ń pa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú hóró tí ẹ ń wá

Hóró kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tó kéré, tó mú, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú sánmà tàbí lára ògiri, síbẹ̀ tí gbogbo eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun ṣì pé. Òmíràn tóbi, ó rọ̀, etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ̀kẹta le koko: dúdú rẹ̀ dúdú kirikiri, funfun rẹ̀ funfun báláú, ìwọ̀nba eérú tó ṣẹ́ kù ni hóró kún bámúbámú.

Ralph Gibson, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, fi fíìmù Tri-X àti Rodinal ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Hóró rẹ̀ mú, ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán rẹ̀ ń tàn, nǹkan tó yà sì ṣe kedere. Daido Moriyama, ayàwòrán ní Jàpáànì, di olókìkí láti ìparí àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú fọ́tò tó ṣú, tó mì, tí kò bìkítà bóyá ojú ẹni hàn tàbí kò hàn. Hóró ni àwọn méjèèjì fi lókìkí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀nà Gibson wá iṣẹ́ Moriyama á kàn fi fíìmù ṣòfò ni. Torí náà, ẹ gbé fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn síwájú, kí ẹ bi ara yín léèrè: ṣé nǹkan wà nínú ibi tó ṣókùnkùn àbí kò sí? Bó bá wà, ẹ fẹ́ fún fíìmù ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Bí kò bá sí, ẹ ń lọ sọ́nà “push” tí màá sọ nísàlẹ̀.

Ìdí tí oògùn fi ń yí hóró padà

Inú jẹ́látìn tó wà lójú fíìmù ni àwọn kírísítálì fàdákà kéékèèké fọ́n ká sí. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn nínú wọn ni oògùn ìfọ̀ máa sọ di fàdákà dúdú. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn, fixer, oògùn tí à ń lò lẹ́yìn ìfọ̀, á kó o lọ. Ojú wa kò lè rí kírísítálì kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n ti ṣù pọ̀, tí ọ̀kan gun orí èkejì, pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín wọn, ni à ń rí tí à ń pè ní hóró. Nínú fíìmù tó yára, kírísítálì gbọ́dọ̀ tóbi kí ó lè tètè gba ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí hóró fi ń pọ̀ bí ISO bá ṣe ń ga.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. D-76, oògùn ìfọ̀ ti Kodak, tó ti wà láti àwọn ọdún 1920, ní 100 gíráàmù sódíọ̀mù sọ́fáìtì nínú lítà kan. Sọ́fáìtì kì í jẹ́ kí oògùn tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ tó báyẹn, ó tún máa ń yọ́ etí kírísítálì fàdákà bí omi ṣe ń yọ́ igun ṣúgà. Igun bá yọ́ tán, hóró á rọ̀, á fara pamọ́. Bí ẹ bá bu omi lu D-76 ní 1+1, ìyẹn oògùn ìdá kan sí omi ìdá kan, 50 gíráàmù ló kù nínú lítà kan. Ní 1+3, ó di 25. Ohun tó fà á nìyẹn tí oògùn kan náà fi ń fúnni ní hóró tó túbọ̀ mú bí omi inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. ID-11 ti Ilford náà kò yàtọ̀.

Rodinal wá gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti 1891 ni oògùn yìí ti wà, lọ́wọ́ Agfa ní Jámánì. Lóde òní ẹ tún lè rí i lábẹ́ orúkọ R09 tàbí Adonal. Nígbà tí a bá fi máa bu omi lù ú tán, sọ́fáìtì inú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, kò sì sí ohun tó máa yọ́ igun kankan. Bí fàdákà ṣe wà nínú fíìmù ló ṣe máa jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá fi Rodinal fọ fíìmù ISO 100 tí hóró rẹ̀ kéré látilẹ̀, ẹ má retí àgbàyanu. Kò lè fi ohun tí kò sí hàn yín.

Yíyan fíìmù

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù 400 tí wọ́n ṣe lọ́nà àtijọ́, tí kírísítálì rẹ̀ kò dọ́gba ní ìrísí. Ilford HP5 Plus àti Kodak Tri-X 400 ni méjì tó gbajúmọ̀ jù. HP5 Plus rọ̀ díẹ̀ nínú eérú rẹ̀, ó sì ń fara da àṣìṣe. Tri-X le díẹ̀ jù ú lọ, dúdú rẹ̀ tètè ń dúdú. Kò sí èyí tí ẹ mú tí ẹ máa kábàámọ̀. Kentmere 400 dára fún ìdánwò. Fomapan 400 láti ilẹ̀ Czech ní hóró dáadáa, àmọ́ ẹ má gba 400 tó wà lára páálí rẹ̀ gbọ́ pátápátá: ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń lò ó bí ẹni pé 200 ni, èmi náà sì gbà pé ibẹ̀ ló ti ń ṣe dáadáa, pàápàá nínú Rodinal.

Ẹ yàgò fún T-Max 400 àti Delta 400 fún iṣẹ́ yìí. Fíìmù tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe wọ́n dìídì wá bí hóró ṣe máa kéré ni, kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ bá wọn jà? XP2 Super ti Ilford pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́, ìyẹn nínú kẹ́míkà fíìmù aláwọ̀, àwọ̀ ló ń kù nínú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ (fíìmù tí a ti fọ̀ tán), kì í ṣe fàdákà.

Delta 3200 àti T-Max P3200 ní àyè tiwọn. Hóró wọn tóbi, ó sì rọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé 3200 yẹn kì í ṣe ISO gidi. Ilford fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ISO 1000 ni Delta 3200. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ẹ lò ó ní 1000 tàbí 1600, ẹ ó rí i pé ibi tó ṣókùnkùn á ní nǹkan nínú.

Bí férémù ṣe tóbi tó wà lára yíyan fíìmù, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Férémù 35mm jẹ́ 24mm sí 36mm. Láti sọ ọ́ di fọ́tò tó fẹ̀ tó 24cm sí 36cm, ẹ máa mú un tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá. Férémù 6×6 lórí fíìmù 120 fẹ̀ tó bíi 56mm. Láti sọ ọ́ di fọ́tò 24cm, ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Fíìmù kan náà, oògùn kan náà, síbẹ̀ hóró tiẹ̀ kò ní tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń lo 120 tó sì fẹ́ hóró gidi, Delta 3200 ni kó wá, torí kò sí P3200 ní 120. Ẹni tó ń lo 35mm lè jìnnà díẹ̀ sí ohun tó ń yà, kó wá gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà kúrò nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ìdajì férémù ló lò, hóró á hàn sí i láìsí oògùn kankan níbẹ̀.

Oògùn yòókù ní ṣókí

D-76 tàbí ID-11 ní 1+1 fún hóró tó hàn níwọ̀nba, ní 1+3 fún èyí tó mú sí i. HC-110 wà láàárín wọn. Microphen àti Ilfotec DD-X wúlò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Xtol àti Perceptol ń kó hóró pamọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ níbòmíràn. Àwọn kan máa ń fi oògùn tí a fi ń fọ ìwé fọ́tò, bíi Dektol, fọ fíìmù. Ó le, ó sì tètè ń ṣiṣẹ́ débi pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́. Kí ẹ mọ ọwọ́ Rodinal dáadáa ná kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an: HP5 Plus nínú Rodinal

Yíya ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ gbé ISO kámẹ́rà sí 200 tàbí 250 dípò 400, torí Rodinal kì í ran ibi tó ṣókùnkùn lọ́wọ́. Ẹ wá ohun tó ní ojú tó tẹ́jú: sánmà tí ìkùukùu bò, ògiri, ìkùukùu orí omi, awọ ara ènìyàn, aṣọ tí kò ní ọnà. Hóró máa ń hàn jù lójú eérú tó dọ́gba. Bí ẹ bá ya ewé igi tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ọnà ara wọn á gbé hóró mì, ẹ ó sì máa rò pé oògùn ni kò ṣiṣẹ́. Bí sánmà bá funfun jù, ẹ fi gíláàsì aláwọ̀ ọsàn sójú lẹ́ǹsì kó lè di eérú. Gíláàsì yẹn máa gba ìmọ́lẹ̀ tó tó bíi stop méjì (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì), ẹ rántí láti fi kún un.

Lẹ́yìn tí fíìmù bá ti wọ táńkì nínú òkùnkùn, ẹ wọn 300 mílílítà omi tó wà ní 20°C. Ẹ fi ṣírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fa 6 mílílítà Rodinal sínú rẹ̀, 1+50 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 1+25 lẹ fẹ́, kí ó jẹ́ 12 mílílítà. Oògùn náà lè ti di àwọ̀ pupa rúsúrúsú nínú ìgò, ìyẹn kò sọ ọ́ di òkú; ó lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ torí ó lè yún awọ ara. Ìgbà tí ẹ bá ti múra tán láti lò ó ni kí ẹ tó bu omi lù ú, torí bó bá ti bá omi pàdé, kò ní pẹ́ kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó, a ó sì dà á nù.

Àkókò tí Ilford fi lélẹ̀ fún HP5 Plus ní ISO 400 jẹ́ ìṣẹ́jú 6 ní 1+25, ìṣẹ́jú 11 ní 1+50. Fún Tri-X, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú 13 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti lò ó ní 250, ẹ gé ìṣẹ́jú kan kúrò nínú ti 1+50 kí ibi tó mọ́lẹ̀ má baà di pátákó. 1+50 ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Hóró ti 1+25 le díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá nínú ìṣẹ́jú 6 tóbi, nínú 11 kò tó nǹkan. Bí àkókò bá sì ti wálẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 5, oògùn lè má kan ojú fíìmù dọ́gba, sánmà yín á wá ní àbàwọ́n.

Ẹ da oògùn sínú táńkì, ẹ fi ìdí rẹ̀ gbá tábìlì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ dojú táńkì kọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń mì í láìdáwọ́ dúró nítorí pé ó fẹ́ hóró púpọ̀ kò ní rí ju funfun tó ti jó lọ. Bí àkókò bá pé, ẹ da oògùn nù, ẹ lo stop bath, ìyẹn oògùn tó ń dá ìfọ̀ dúró, lẹ́yìn náà fixer 1+4 fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Láti ṣan án, ẹ da omi sí i, ẹ yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ dà á nù. Omi mìíràn, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìkẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Gbogbo omi yìí ni kó súnmọ́ 20°C. Bí ẹ bá gbé fíìmù láti inú omi gbígbóná sínú omi tútù lójijì, jẹ́látìn lè sún kì. Àwọn kan máa ń pe ìyẹn náà ní hóró, àmọ́ ẹ kò lè ṣàkóso rẹ̀, ẹ kò sì lè tún un ṣe.

Push, fún ẹni tó fẹ́ kó le

Push ni pé ẹ lo fíìmù 400 bí ẹni pé 1600 ni, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ pẹ́ sí i. Fún HP5 Plus ní 1600, ìṣẹ́jú 14 ni nínú ID-11 tí a kò bu omi lù, ìṣẹ́jú 11 nínú Microphen, ìṣẹ́jú 13 nínú DD-X 1+4, gbogbo rẹ̀ ní 20°C. Fífọ̀ pẹ́ kì í dá ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò kọ sójú fíìmù padà. Ibi tó mọ́lẹ̀ àti eérú ló ń ti sókè, ibi tó ṣókùnkùn á dúró síbi tó wà. Nítorí náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọlẹ̀, tí òjìji kò ti le, ni push ti ń dára jù: ọjọ́ tí òjò ṣú, inú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò dojú kọ oòrùn. Lábẹ́ iná ìgboro lálẹ́, ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun ti le tẹ́lẹ̀, push á tún sọ ọ́ di bíríkì.

Ẹ lè push nínú Rodinal pẹ̀lú. Ibi tó ṣókùnkùn á lọ pátápátá, hóró á wá le gidi. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ń wá nìyẹn, ẹ máa bá a lọ, kò sí ẹni tó máa mú yín.

Fíìmù kan, ìdánwò mẹ́ta

Dípò kí ẹ máa ra fíìmù oríṣiríṣi, ẹ ra ọ̀kan tó ní férémù 36. Ẹ wá nǹkan kan tó ní òjìji, eérú àti funfun nínú, ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ yà á ní 200, ẹ yà á ní 400, ẹ yà á ní 800, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 200, títí fíìmù á fi tán. Nínú òkùnkùn, ẹ gé fíìmù náà sí mẹ́ta. Kò pọn dandan kí ẹ mọ ibi tí ẹ ń gé, torí ibi yòówù tí àlùmọ́gàjí bá bọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó méjì sínú ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, kí ẹ fọ ẹyọ àkọ́kọ́ ní Rodinal 1+50, èkejì ní 1+25, ẹ̀kẹta nínú D-76 1+1. Ní ìparí, ẹ ó ní ọ̀nà mẹ́sàn-án láti yẹ̀ wò, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà tí ẹ yà.

Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n lórí ìmọ́lẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn nínú ohun tí ẹ yà ló máa mọ́ jù lójú nẹ́gẹ́tíìfù. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, tó kàn mọ́ gaara bí etí fíìmù, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹ lọ sí 200. Bí sánmà bá dúdú débi pé ẹ kò lè ka ìwé ìròyìn lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti fọ̀ ọ́ pẹ́ jù. Ẹ gé àkókò kù ní ìdá mẹ́wàá sí ìdá márùn-ún. Ẹ má yí ìmọ́lẹ̀ àti àkókò padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Títẹ̀ ẹ́ àti gbígbé e sínú kọ̀ǹpútà

Nínú yàrá òkùnkùn, ẹ̀rọ tó ń mú fọ́tò tóbi tó ní condenser (lẹ́ǹsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ) máa ń jẹ́ kí hóró mú ju èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn káàkiri lọ. Fílítà ìwé, tó ń pinnu bí dúdú àti funfun ṣe máa yàtọ̀ síra tó, náà lágbára: ẹ tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan ní fílítà 2, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní 4, ẹ ó rò pé fíìmù méjì ni. Hóró ni kí ẹ máa fi ṣètò bí ẹ̀rọ ṣe máa mú. Bí hóró kò bá mú láti igun dé igun ìwé, ẹ dín ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ kù sí f/8.

Tó bá jẹ́ skánà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń yọ hóró àti ìdọ̀tí. Èyí tó ń fi infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) yọ ìdọ̀tí kò bá fíìmù onífàdákà lò rárá, torí fàdákà ń dí infrared náà, á sì máa pa àwòrán yín rẹ́ bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Skánà pẹrẹsẹ máa ń rọ hóró. Èyí tí pixel rẹ̀ kò sì pọ̀ tó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó rí ràkọ̀ràkọ̀ ju bó ṣe wà lójú fíìmù. Kí ẹ tó dá Rodinal lẹ́bi, ẹ tún fi gíláàsì wo nẹ́gẹ́tíìfù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà jẹ́ kí àwòrán náà mú sí i, ẹ kọ́kọ́ dín in kù sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ fi hàn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kó mú díẹ̀ sí i.